Bùkà Máìlì 12
Ọ̀dọ̀ Haúsá ni Yorùbá ti yá ọ̀rọ̀ náà, bùkà, tí ó túmọ̀ sí àgọ́. Ní Máìlì 12, ní Kòsọ́fẹ́, ọbẹ̀ inú bùkà bá ọ̀rọ̀ náà tan: Òkè Ọya ni ọ̀pọ̀ tàtàṣé àti àlùbọ́sà ti ń wá, ibẹ̀ náà sì ni orúkọ wọn ti wá. Ní oṣù kẹta ọdún 2016, ìjà bẹ́ láàrin Haúsá àti Yorùbá níbẹ̀. Ẹ̀mí ṣòfò, ìjọba sì ti ọjà pa. Ní 2021, lẹ́yìn ìjà Ṣáṣà ní Ìbàdàn, àwọn oníṣòwò Òkè Ọya dá ọkọ̀ oúnjẹ dúró. Tòmátì wọ́n ní Èkó, ó sì di ọ̀pọ̀ ní Òkè Ọya. Bí ọ̀nà bá dí, àti olóúnjẹ àti àgbẹ̀ ni ó ń pàdánù.