Homi Bhabha: Ó wá lo ìsinmi, ó dá ilé átọ́ọ̀mù sílẹ̀

Ní ọjọ́ 12 oṣù Kẹta ọdún 1944, ọkùnrin ẹni ọdún 34 kan tó ń gbé ní Bangalore, ní gúúsù Íńdíà, kọ lẹ́tà sí àwọn tó ń bójú tó owó ìrànwọ́ tí oníṣòwò ńlá Dorab Tata fi sílẹ̀. Owó ló ń béèrè. Ó fẹ́ dá ilé ìwádìí físíìsì sílẹ̀, ó sì ṣàlàyé pé tó bá fi máa tó nǹkan bí ogún ọdún sí i, tí agbára átọ́ọ̀mù bá ti ń fún ayé ní iná mànàmáná, Íńdíà kò ní máa ráńṣẹ́ sókè òkun láti wá onímọ̀; ilé ni yóò ti rí wọn. Ẹ wo ìgbà tó ń sọ̀rọ̀. Ìlú Hiroshima ṣì wà lódindi. Òyìnbó Gẹ̀ẹ́sì ló ń ṣàkóso Íńdíà. Kò sí ilé iṣẹ́ iná átọ́ọ̀mù kankan lórí ilẹ̀ ayé.

Homi Jehangir Bhabha ni orúkọ rẹ̀, kì í sì í ṣe ẹnu ọ̀nà àjèjì ló ń kàn. Ọmọ olówó ni, ọmọ ẹ̀yà Parsi ní Bombay, níbi tí wọ́n ti bí i ní 1909. Àǹtí rẹ̀ Meherbai ni Dorab Tata fẹ́. Ètò tí àwọn àgbà ìdílé ṣe fún un ni pé kí ó lọ kọ́ iṣẹ́ ẹ̀rọ ní Cambridge, kí ó sì padà wá sí ilé iṣẹ́ irin Tata ní Jamshedpur. Ọdún kejì tó débẹ̀ ló kọ̀wé sí bàbá rẹ̀ pé físíìsì ni ọkàn òun wà. Bàbá náà kò bínú, ó dúnàádúrà: bí ọmọ bá kọ́kọ́ gba ipò kìn-ín-ní nínú iṣẹ́ ẹ̀rọ, òun yóò san owó ohun tó wù ú. Ní 1930, ọmọ mú ìwé ipò kìn-ín-ní wálé.

Nínú iṣẹ́ rẹ̀ ní Cambridge, méjì ni kò tíì parẹ́. Ní 1935, ó ṣírò bí electron àti positron, tó jẹ́ òdìkejì rẹ̀, ṣe máa ń ta ara wọn dànù bí wọ́n bá pàdé. Àwọn tó ń lo ẹ̀rọ ńlá tó ń mú méjèèjì sáré kọlu ara wọn ṣì ń fi ìṣirò náà mọ iye ìkọlù tó wáyé, orúkọ Bhabha ni wọ́n sì ń pè é. Ní 1937, òun àti Walter Heitler ṣàlàyé ọ̀wààrà ìtànṣán tó ń rọ̀ láti òfuurufú. Electron kan tó ń sáré bọ̀ kọlu afẹ́fẹ́, ó bí ìtànṣán. Ìtànṣán bí méjì, méjì di mẹ́rin, mẹ́rin di mẹ́jọ, ó di òjò.

Ìsinmi ló wá lò nílé ní 1939. Ogun bẹ́ sílẹ̀ ní oṣù Kẹsàn-án, kò sì rí ọ̀nà padà. Ó gba iṣẹ́ olùkọ́ ní Bangalore, lọ́dọ̀ C. V. Raman tó ti gba ẹ̀bùn Nobel. Ibẹ̀ ló wà tí wọ́n fi gbà á sí ẹgbẹ́ Royal Society ní 1941, ibẹ̀ náà ló ti kọ lẹ́tà yẹn.

Wọ́n fún un lówó. Ilé ìwádìí Tata bẹ̀rẹ̀ ní 1945, kò sì pẹ́ tó fi kó lọ sí Bombay, sínú ilé àǹtí rẹ̀ mìíràn ní Peddar Road. Láti ibẹ̀ ni ọ̀rọ̀ ti kúrò ní ti ìṣirò. Íńdíà gba òmìnira ní 1947. Nígbà tí ìjọba dá Àjọ Agbára Átọ́ọ̀mù sílẹ̀ ní 1948, Bhabha ni alága. Ní 1954, àjọ bí odindi ẹ̀ka ìjọba, Bhabha ni akọ̀wé àgbà rẹ̀. Ó rí i dájú pé Bombay ni ẹ̀ka náà wà, kì í ṣe Delhi, àti pé Nehru, olóòtú ìjọba fúnra rẹ̀, nìkan ni òun ń jábọ̀ fún. Òun náà ló ń darí ibùdó ìwádìí átọ́ọ̀mù ní Trombay, kò sì fi ilé Tata sílẹ̀. Wọ́n ní ọwọ́ kan kì í gbé ẹrù dórí. Ọwọ́ Bhabha gbé mẹ́rin.

Ẹnì kan wà tí èyí kò dùn mọ́ nínú. Meghnad Saha, àgbà onímọ̀ físíìsì ní Calcutta tó wọ ilé aṣòfin ní 1952, fẹ́ kí ìwádìí átọ́ọ̀mù wà ní yunifásítì, kí gbogbo ayé sì rí ohun tí àjọ ń ṣe. Nehru fara mọ́ Bhabha. Lójú òǹkọ̀wé yìí, Saha rí ewu tòótọ́: ibi tí bíbojúwo iṣẹ́ bá ti jẹ́ ti ẹni tó ń ṣe é, ta ni yóò sọ pé ìṣirò kò pé?

Iṣẹ́ náà kúkú ń lọ. Ní ọjọ́ 4 oṣù Kẹjọ 1956, ríákítọ̀ àkọ́kọ́ tí Íńdíà kọ́, ẹ̀rọ tó ń tú agbára átọ́ọ̀mù sílẹ̀, bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ ní Trombay. Inú adágún omi ni wọ́n rì í sí, àwọ̀ búlúù sì ń tàn láti ìsàlẹ̀ omi náà. Nehru fi àwọn arẹwà ọ̀run inú ìtàn àwọn Híńdù sọ ọ́ ní Apsara. Ọdún tó tẹ̀ lé e ni Bhabha dá ilé ẹ̀kọ́ sílẹ̀ níbẹ̀, tó ń gba àwọn ọ̀dọ́ tó ṣẹ̀ṣẹ̀ jáde yunifásítì, tó ń kọ́ wọn fún ọdún kan, tó sì ń fún wọn níṣẹ́. Nínú gbogbo ohun tó dá sílẹ̀, èyí ló sún mọ́ lẹ́tà 1944 jù.

Àsọtẹ́lẹ̀ ni kò mọ̀ ọ́n sọ. Nígbà tó ṣe alága ìpàdé àgbáyé lórí átọ́ọ̀mù ní Geneva ní 1955, ó ní láàárín ogún ọdún, aráyé yóò mọ bí a ṣe ń kápá irú agbára tó ń mú oòrùn jó. Títí di òní, ilé iṣẹ́ kankan kò tíì fi í tan gílóòbù. Ó tún fojú sọ́nà fún 8,000 mẹ́gáwáàtì iná átọ́ọ̀mù ní Íńdíà kí 1980 tó dé. Nígbà tí ọdún náà pé, ohun tó wà nílẹ̀ kò tó 1,000.

Ọ̀rọ̀ bọ́ǹbù wá le jù. Kánádà fún Íńdíà ní ríákítọ̀ CIRUS fún iṣẹ́ àlàáfíà, ó sì bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ ní 1960. Ṣáínà dán bọ́ǹbù tirẹ̀ wò ní oṣù Kẹwàá 1964. Kò ju ọjọ́ díẹ̀ lọ tí Bhabha fi sọ lórí rédíò pé dọ́là 350,000 tó ṣe bọ́ǹbù kan, láì ka owó ríákítọ̀ àti ilé iṣẹ́ mọ́ ọn. Plutonium láti CIRUS ni Íńdíà fi dán tirẹ̀ wò ní Pokhran ní 1974.

Bhabha kò rí i. Ní ọjọ́ 24 oṣù Kìíní 1966, bàálù Air India tó ń gbé e lọ sí Geneva, kí ó lè ti ibẹ̀ lọ ṣèpàdé ní Vienna, forí sọ òkè Mont Blanc. Gbogbo èèyàn 117 tó wà nínú rẹ̀ ló kú. Ọjọ́ yẹn gan-an ni Indira Gandhi búra gẹ́gẹ́ bí olóòtú ìjọba. Ní ọdún kejì, wọ́n fi orúkọ Bhabha pe ibùdó Trombay.

Lórí àgbàlá ilé ìwádìí Tata, tó wà ní Colaba ní Bombay báyìí, àwọn igi ńlá kan wà tí kì í ṣe ibẹ̀ ni wọ́n hù sí. Bhabha, tó fẹ́ràn àwòrán yíyà bó ṣe fẹ́ràn ìṣirò, kì í jẹ́ kí wọ́n gé igi nítorí ilé tàbí ọ̀nà. Ó ní kí wọ́n hú u tigbòǹgbò-tigbòǹgbò, kí wọ́n sì lọ gbìn ín síbòmíràn. Ètò iná tó gbé kalẹ̀ ní 1954 náà ṣì ń wá ibi tí yóò fìdí sí. Ìpele mẹ́ta ni: kí wọ́n fi uranium bẹ̀rẹ̀, kí wọ́n gba plutonium lára rẹ̀, kí plutonium sì ṣínà fún thorium tó pọ̀ nínú iyanrìn etí òkun Kerala. Oṣù Kẹta 2024 ni wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ bẹ̀rẹ̀ sí í to èròjà sínú ríákítọ̀ ńlá ti ìpele kejì, ní Kalpakkam.