Òkè Ìdànrè: Àwọ̀ Ara Rẹ̀ àti Ohun tí Ó Fà Á

Òkè Ìdànrè, ní Ìjọba Ìbílẹ̀ Ìdànrè, wà lára àwọn ohun àjogúnbá tí àwa ará Ìpínlẹ̀ Oǹdó fi ń yangàn. Orí rẹ̀ ni ìlú àtijọ́ wà kí àwọn ará Ìdànrè tó sọ̀ kalẹ̀ sí ẹsẹ̀ òkè ní ọdún 1923. Àtẹ̀gùn tí ó lé ní 600 ni à ń gùn kí a tó dé ibẹ̀. Láti ọdún 2007 ni Nàìjíríà ti fi orúkọ rẹ̀ sílẹ̀ fún àjọ UNESCO pé kí wọ́n kà á mọ́ àwọn ohun àjogúnbá àgbáyé.

Ẹni tí ó bá wo òkè náà láti òkèèrè lè pè é ní dúdú. Ṣùgbọ́n bí a bá sún mọ́ ọn, a ó rí i pé àwọ̀ rẹ̀ pọ̀, ọ̀kọ̀ọ̀kan wọn ni ó sì ní ohun tí ó fà á.

Bí àpáta náà ṣe wáyé

Akọ òkúta ni Òkè Ìdànrè. Ní nǹkan bí 600 mílíọ̀nù ọdún sẹ́yìn, òkúta yíyọ́ rú sókè láti ìsàlẹ̀ ilẹ̀, ṣùgbọ́n kò yọ síta. Inú ilẹ̀ ni ó ti rọra tutù tí ó sì dì, èyí ni àwọn èròjà inú rẹ̀ fi ráyè di wóró ńláńlá. Lẹ́yìn náà ni òjò àti ọ̀gbàrá fi ọ̀pọ̀ mílíọ̀nù ọdún fọ ohun tí ó bò ó mọ́lẹ̀ lọ. Bí ẹrù náà ti kúrò lórí rẹ̀, ojú àpáta bẹ̀rẹ̀ sí í bó ní ìpele-ìpele bí àlùbọ́sà. Ìdí nìyí tí orí òkè náà fi rí róbótó.

Ohun tí ó fún un ní àwọ̀

• Feldspar ni wóró ńlá tí ó funfun tàbí tí ó pupa fẹ́ẹ́rẹ́.
• Quartz ni èyí tí ó ní àwọ̀ eérú, tí ó sì ń dán bí dígí.
• Biotite dúdú. Hornblende ní àwọ̀ ewé tí ó ṣú. Irin wà nínú àwọn méjèèjì. Bí omi àti afẹ́fẹ́ bá kan irin náà, yóò dógùn-ún, ojú àpáta yóò sì pọ́n.
• Ìlà dúdú gbọọrọ tí ó ń sọ̀ kalẹ̀ lára òkè jẹ́ ipa omi òjò. Àwọn ohun abẹ̀mí kéékèèké tí ó fẹ́ràn ọ̀rinrin ni ó ń gbé ibẹ̀ tí wọ́n sì ń sọ ọ́ di dúdú.

Ohun tí ó yẹ kí a ṣe

Àmì ni ìlà dúdú jẹ́ fún wa. Ní àkókò òjò, ibẹ̀ máa ń yọ̀. Kí ẹnikẹ́ni má ṣe gbé ẹsẹ̀ lé e. Ibi tí ìlà náà bá parí sí ní ẹsẹ̀ òkè ni omi yóò dà sí, nítorí náà kí a má ṣe kọ́lé sí ojú ọ̀nà rẹ̀, kí a má sì ṣe dí gọ́tà ibẹ̀.

Ọ̀pọ̀lọ́ kan sì wà tí a kò rí níbòmíràn ní gbogbo àgbáyé àfi ní Òkè Ìdànrè. Inú omi fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́ tí ó ń ṣàn lójú àpáta ni àwọn ọmọ rẹ̀ ti ń dàgbà. Ẹni tí ó bá da ọṣẹ tàbí ọ̀dà sí ibẹ̀ ń ba ilé wọn jẹ́.

Iná ìgbẹ́ náà léwu, nítorí pé ooru rẹ̀ ń la ojú àpáta, ó sì ń mú kí ó ṣí kúrò. Ohun tí 600 mílíọ̀nù ọdún fi dá sílẹ̀, ẹ jẹ́ kí a tọ́jú rẹ̀ fún àwọn ọmọ wa.