Owó Ìwé Ọmọ Òrukàn ní Ara, Ẹdẹ àti Káàkiri Ilẹ̀ Yorùbá

Ní ìlú Ara, tó wà ní ìjọba ìbílẹ̀ Ẹgbẹ́dọ̀rẹ́ nítòsí Ẹdẹ ní ìpínlẹ̀ Ọ̀ṣun, bó ṣe rí ní gbogbo ilẹ̀ Yorùbá, ẹbí ló kọ́kọ́ ń tọ́ ọmọ òrukàn, òun náà ló ń fi í síṣẹ́. Àwọn míṣọ́nnárì dé lẹ́yìn ẹbí, ìjọba tẹ̀lé wọn, àwọn àjọ òkè òkun sì wá bá wọn níbẹ̀. Gbogbo wọn ló ń náwó. Ibi tí wọ́n ti yàtọ̀ síra ni ohun tí olówó ń retí lọ́wọ́ ọmọ: ó lè jẹ́ orúkọ, ó lè jẹ́ ẹ̀sìn, iṣẹ́ ilé, lẹ́tà ọpẹ́ tàbí fọ́tò. Nígbà míràn, owó náà fúnra rẹ̀ ni.

Ẹni tí à ń pè ní òrukàn

Ọmọ tí ìyá tàbí bàbá rẹ̀ bá kú, òrukàn ni à ń pè é. Kò dìgbà tí àwọn méjèèjì bá lọ. Bẹ́ẹ̀ náà ni àjọ UNICEF ṣe ń kà á. Ní ọdún 2015, àjọ náà ṣírò àwọn òrukàn tó wà láyé sí nǹkan bíi mílíọ̀nù 140, ṣùgbọ́n mílíọ̀nù 15.1 péré nínú wọn ni kò ní ìyá tí kò sì ní bàbá. Ó yẹ kí ẹni tó bá fẹ́ ṣe onígbọ̀wọ́ ro èyí dáadáa. Lẹ́yìn ọ̀pọ̀ nínú àwọn ọmọ tí wọ́n ń ya fọ́tò wọn kiri, ìyá kan wà tó ń ta gàrí tàbí ẹ̀fọ́ lọ́jà, tàbí ìyá àgbà kan tí ọmọ ọmọ mẹ́rin wà lọ́rùn rẹ̀. Lójú tèmi, owó tó bá gba ọwọ́ irú ìyá bẹ́ẹ̀ kọjá wúlò fún ọmọ ju owó tó mú un kúrò nílé lọ.

Ẹbí, ogún àti àwọn tó ń gba ọmọ tọ́

Lábẹ́ àṣà, ogún bàbá ló yẹ kó kọ́kọ́ rán ọmọ níléèwé. Bí bàbá bá fi oko kòkó, oko ọ̀pẹ tàbí ilé tó ní ayálégbé sílẹ̀, dáwódù, ìyẹn àkọ́bí ọkùnrin, ni yóò máa mójú tó o fún gbogbo àwọn ọmọ. Bí wọ́n bá sì fẹ́ pín in, ọ̀nà méjì ló wà. Wọ́n lè pín in ní ìdí igi, kí àwọn ọmọ ìyàwó kọ̀ọ̀kan ní ìpín kan, wọ́n sì lè pín in ní orí-ò-jorí, kí ọmọ kọ̀ọ̀kan gba tirẹ̀. Ẹjọ́ Dawodu àti Danmole, tó bẹ̀rẹ̀ l'Ékòó tó sì dé iwájú ilé ẹjọ́ Privy Council ní Lọ́ńdọ̀nù ní ọdún 1962, ló fi ìdí igi múlẹ̀ gẹ́gẹ́ bí àṣà gan-an. Wọ́n ní orí-ò-jorí jẹ́ ọ̀nà tí olórí ẹbí lè gbà bí ìjà bá dé. Fún opó tó bí ọmọ márùn-ún, ọ̀rọ̀ yìí kì í ṣe ọ̀rọ̀ lọ́yà lásán. Ìpín tí àwọn ọmọ rẹ̀ yóò gbà kò ju ti ọmọ kan ṣoṣo tí orogún rẹ̀ bí lọ, àwọn márààrún ni yóò sì fi tiwọn kàwé.

Ẹ̀sìn Ìsìláàmù, tó ti rinlẹ̀ ní Ẹdẹ láti ayé Tìmì Habibu Lagunju ní ọ̀rúndún kọkàndínlógún, ní òfin tirẹ̀ lórí èyí. Súrà kẹrin nínú Àlùkùránì kìlọ̀ kíkankíkan fún alágbàtọ́ pé kò gbọdọ̀ jẹ owó òrukàn, ó sì ní kí wọ́n máa dán ọmọ wò títí yóò fi gbọ́n tó láti gba ohun ìní rẹ̀. Òrukàn ni Ànábì fúnra rẹ̀. Bàbá rẹ̀ kú kí wọ́n tó bí i, bàbá àgbà rẹ̀ àti ẹ̀gbọ́n bàbá rẹ̀ ló tọ́ ọ dàgbà.

Bí kò bá sí ogún kankan, àwọn ọmọ ni ẹbí máa ń pín. Ọ̀kan á lọ bá àbúrò bàbá n'Ìbàdàn, èkejì á tẹ̀lé àǹtí lọ sí Èkó, àbíkẹ́yìn á dúró ti ìyá àgbà. Láti ìgbà tí àwọn ará Èjìgbò àti agbègbè rẹ̀ ti sọ Àbíjàn di ilé kejì, owó ìwé tó ń ti ọ̀dọ̀ àwọn tó wà níbẹ̀ wá sílé kì í ṣe kékeré. Gbogbo ẹni tó bá mú ọmọ lọ ló máa ń sọ pé iléèwé lòun fẹ́ fi í sí. Ti àwọn kan rí bẹ́ẹ̀ lóòótọ́. Ní ọ̀dọ̀ àwọn míràn, ọmọ á gbálẹ̀, á pọnmi, á fọ abọ́, á kiri ọjà, ìgbà tí yóò bá dé kíláàsì, wọ́n ti ṣe iṣẹ́ méjì kọjá. Ẹ má bi alágbàtọ́ bóyá ọmọ ni ó ń tọ́ tàbí ọmọ ọ̀dọ̀ ni ó gbà. Ẹ lọ wo réjísítà tí tíṣà ń pè láàárọ̀.

Orúkọ fún pọ́n-ùn márùn-ún

Àwọn tí kò mọ ọmọ rí ti ń san owó ìwé fún àwọn ọmọ Yorùbá láti nǹkan bí igba ọdún sẹ́yìn. Ní Sàró, ọkọ̀ ogun ojú omi àwọn Gẹ̀ẹ́sì ń gba àwọn ọmọ lọ́wọ́ àwọn olówò ẹrú, ẹgbẹ́ míṣọ́nnárì CMS sì kó lára wọn jọ sí ilé ẹ̀kọ́ kan ní Leicester Mountain lókè Freetown. Ẹni tó bá ń dá pọ́n-ùn márùn-ún lọ́dún ní Ìlú Ọba lẹ́tọ̀ọ́ láti fún ọmọ kan lórúkọ. Bí ọmọ Ẹ̀gbá tàbí ọmọ Ọ̀yọ́ ṣe di ajórúkọ oníṣòwò ará Lọ́ńdọ̀nù tí kò fojú kàn rí nìyẹn. Orúkọ Samuel Crowther, àlùfáà kan ní Lọ́ńdọ̀nù tó wà nínú ìgbìmọ̀ CMS, ni wọ́n fún Àjàyí ọmọ Òṣogùn nígbà tó ṣèrìbọmi ní 1825.

Èyí tó gbajúmọ̀ jù ni ti ọmọbìnrin Ẹ̀gbádò tí ìtàn mọ̀ sí Àìná. Àwọn òbí rẹ̀ bá ogun lọ nígbà tí àwọn ará Dàhòmì kó Òkè-Ọ̀dàn ní 1848. Ní 1850, ọba Dàhòmì fi í ta Kápútẹ́nì Frederick Forbes lọ́rẹ, òun náà sì mú un lọ bá Ayaba Victoria. Orúkọ Forbes àti ti ọkọ̀ rẹ̀, Bonetta, ni wọ́n so mọ́ ọn lórí, ó di Sarah Forbes Bonetta. Ayaba gbọ́ bùkátà rẹ̀. Ó rán an lọ sí iléèwé àwọn ọmọbìnrin CMS ní Freetown ní 1851, ó sì ní kí wọ́n dá a padà sí Ìlú Ọba ní 1855. Ó mọ Gẹ̀ẹ́sì, ó mọ dùùrù, kò sí ohun tó wọ́n ọn nínú ẹ̀kọ́ àwọn ọlọ́lá. Ṣùgbọ́n nígbà tí James Pinson Labulo Davies, oníṣòwò Èkó, wá tọrọ rẹ̀, tí Sarah kò sì kọ́kọ́ fẹ́ ẹ, àwọn tó ń tọ́ ọ ti mọ ohun tí wọ́n fẹ́, wọ́n sì rán an lọ síbi kan pé kó jókòó síbẹ̀ rò ó. Wọ́n ṣègbéyàwó ní Brighton ní oṣù kẹjọ 1862. Ó kú sí erékùṣù Madeira ní 1880, Ayaba sì ń bá ìtọ́jú náà lọ lórí Victoria, ọmọbìnrin tí Sarah bí. Olówó ìwé tó jẹ́ olóòótọ́ ni Ayaba, n kò bù ú kù, àmọ́ kò sí ibi tí ọmọ ti lè sọ fún un pé rárá.

Nínú ilẹ̀ Yorùbá fúnra rẹ̀, ní Ògbómọ̀ṣọ́ ní àwọn ọdún 1920, Ruth Kersey, nọ́ọ̀sì ìjọ Onítẹ̀bọmi láti Amẹ́ríkà, bẹ̀rẹ̀ ilé ìtọ́jú fún àwọn ìkókó tí ìyá wọn kú. Orúkọ rẹ̀ ni wọ́n ṣì fi ń pe ilé náà.

Ìjọba gẹ́gẹ́ bí onígbọ̀wọ́

Ọmọ ọdún mọ́kànlá ni Ọbáfẹ́mi Awólọ́wọ̀ nígbà tí bàbá rẹ̀ kú ní 1920. Ó ṣẹ́gi, ó bá èèyàn ṣiṣẹ́ ilé, ó ń já iléèwé ó tún ń padà, kó tó rí ọ̀nà wọ Wesley College n'Ìbàdàn ní 1927. Ẹni tó ti rí irú ìyẹn ló di olórí ìjọba Ìwọ̀ Oòrùn. Ní 1952, S. O. Awokoya, mínísítà ètò ẹ̀kọ́, gbé ètò ẹ̀kọ́ ọ̀fẹ́ kalẹ̀; ó bẹ̀rẹ̀ ní ọjọ́ 17 oṣù kìíní 1955. Àwọn ọmọ tó wà níléèwé alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ jẹ́ nǹkan bí 457,000 ní 1954. Ní ọdún tó tẹ̀lé e, wọ́n ju 811,000 lọ. Kì í ṣe pé owó náà já bọ́ láti ọ̀run: ṣílè mẹ́wàá àtààbọ̀ ni wọ́n fi kún owó orí àwọn ọkùnrin nítorí ẹ̀kọ́ àti ìlera, àwọn aráàlú sì fi ìbínú hàn. Ẹ̀gbọ́n bàbá tó ń jiyàn pé òun kò lè rán ọmọ àbúrò òun níléèwé ti wá ń san án nínú owó orí, bó fẹ́ bó kọ̀. Ní ti òrukàn, ó kàn ń lọ jókòó nínú kíláàsì. Kò sí orúkọ tí wọ́n ní kó jẹ́, kò sí abọ́ tí wọ́n ní kó fọ̀.

Ìjọba ẹgbẹ́ òṣèlú UPN tún mú ọ̀fẹ́ náà dé iléèwé girama láti 1979, nígbà tí Ara àti Ẹdẹ ṣì wà lábẹ́ ìpínlẹ̀ Ọ̀yọ́ tí Bọ́lá Ìgè ń ṣe gómìnà rẹ̀. Òfin UBE ti 2004 ló wá sọ ọdún mẹ́sàn-án àkọ́kọ́ di ọ̀fẹ́ àti ọ̀ranyàn ní gbogbo Nàìjíríà.

Síbẹ̀, àwọn òrukàn ń já iléèwé. Owó tí ìjọba yọ kúrò kọ́ ló ń lé wọn, owó kéékèèké tó kù ni: yunifọ́ọ̀mù, sáńdà, ìwé ìkọ̀wé, owó ẹgbẹ́ òbí àti olùkọ́, owó ọkọ̀, owó lẹ́sìn, oúnjẹ ọ̀sán. Esther Duflo, Pascaline Dupas àti Michael Kremer ṣe ìwádìí kan ní Kẹ́ńyà, wọ́n kàn fún àwọn ọmọ ní yunifọ́ọ̀mù lọ́fẹ̀ẹ́ ní àwọn ọdún tó kẹ́yìn alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀. Àwọn tó ń já iléèwé dínkù, àwọn ọmọbìnrin tó ń lóyún ní kékeré náà sì dínkù. Lẹ́yìn yunifọ́ọ̀mù, owó WAEC àti NECO ló kù, ibẹ̀ sì ni ó ti máa ń rẹ ọ̀pọ̀ onígbọ̀wọ́. Wọ́n ti náwó ọdún márùn-ún, wọ́n wá dákẹ́ ní ọdún kẹfà tó jẹ́ pé òun ló ń mú ìwé ẹ̀rí wá. Ìwé tún wà lórí ìwé: láti 2021, kò sí ẹni tó lè forúkọ sílẹ̀ fún JAMB láìsí nọ́ńbà ìdánimọ̀ NIN, ọmọ tí kò sì ní ìwé ẹ̀rí ọjọ́ ìbí, tí ìyá tó mọ ọjọ́ náà ti kú, á ti ìdí ìwé ìbúra kóòtù bẹ̀rẹ̀. Ẹni tó bá bá irú ọmọ bẹ́ẹ̀ tò lórí ìlà fún ọjọ́ kan ti ṣe ohun tí owó nìkan kò lè ṣe.

Ọmọ kan, olówó kan

Ètò tí ará Yúróòpù tàbí Amẹ́ríkà fi ń mú ọmọ kan pàtó, tó ń rán owó lóṣooṣù, tí ọmọ sì ń kọ lẹ́tà padà, jáde láti inú ogun. Ìjà abẹ́lé Sípéènì ló bí Plan ní 1937. Àwọn òrukàn ogun Kòríà ló fa World Vision ní 1950 àti Compassion ní 1952. Ó ń ṣiṣẹ́ o. Bruce Wydick, Paul Glewwe àti Laine Rutledge tẹ ìwádìí jáde ní 2013 lórí àwọn èèyàn tó lé ní 10,000 ní orílẹ̀-èdè mẹ́fà, Ùgáńdà àti Kẹ́ńyà wà nínú wọn. Àwọn tí Compassion gbọ́ bùkátà wọn fi ohun tó lé ní ọdún kan pẹ́ níléèwé ju àwọn ẹgbẹ́ wọn tí kò rí onígbọ̀wọ́ lọ.

Àríwísí rẹ̀ náà kò kéré. Ní 1982, ìwé ìròyìn New Internationalist rọ àwọn òǹkàwé rẹ̀ pé kí wọ́n má ṣe é, nítorí ó ń sọ ọmọ kan di àyànfẹ́ láàárín àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ tí ìyà kan náà ń jẹ. Ní 1998, ìwé ìròyìn Chicago Tribune tọpa àwọn ọmọ tí àwọn oníròyìn rẹ̀ fúnra wọn ń sanwó fún, wọ́n sì bá a pé ọmọ kan ní Málì ti kú tipẹ́ kí owó tó dáwọ́ dúró. Àwa náà ní tiwa. Ní àsìkò Ààwẹ̀ àti Kérésì, wọ́n á to àwọn òrukàn sí iwájú báńnà, ọmọ á gbé àpò ìrẹsì dání, kámẹ́rà á sì máa yà á. Ìrẹsì á tán láàárín ọ̀sẹ̀ kan; fọ́tò náà á wà lórí Facebook títí ọmọ yóò fi di ẹni tó ń wáṣẹ́.

Ilé òrukàn tún ni ọ̀nà míràn. Hermann Gmeiner, ará Ọ́síríà tí ìyá rẹ̀ kú nígbà tó wà ní kékeré, dá SOS sílẹ̀ ní Imst ní 1949: obìnrin kan ni yóò máa ṣe ìyá fún àwọn ọmọ mélòó kan nínú ilé kan. Ní Nàìjíríà, Ìsọlọ̀ l'Ékòó ló ti bẹ̀rẹ̀ ní 1973, òmíràn sì wà ní Òwu-Ìjẹ̀bú. Ó sàn jìnnà sí gbọ̀ngàn tí ogójì ọmọ ń sùn sí. Síbẹ̀, ní oṣù kejìlá 2019, àpéjọ gbogbogbòò Àjọ Ìṣọ̀kan Àgbáyé rọ àwọn ìjọba pé kí wọ́n fi owó ti ẹbí lẹ́yìn dípò kí wọ́n máa kó ọmọ sílé ìtọ́jú.

Lẹ́yìn girama

Ọ̀pọ̀ ètò ló ń parí nígbà tí ọmọ bá pé ọdún 18. Àwọn kan á lọ kọ́ṣẹ́, télọ̀, mẹkáníìkì tàbí onídìrí, owó ọ̀gá àti owó fìrídọ́ọ̀mù sì nílò ẹni tí yóò san án bí ti iléèwé. Ní ti ẹ̀kọ́ gíga, Ẹdẹ kò jìnnà: Pólì ìjọba àpapọ̀ wà níbẹ̀ láti 1992, yunifásítì Redeemer's kó wá síbẹ̀, yunifásítì Adeleke sì bẹ̀rẹ̀ ní 2011. Adedeji Adeleke, bàbá olórin Davido, ló dá èyí tó kẹ́yìn yìí sílẹ̀ nípasẹ̀ Springtime Development Foundation, tí wọ́n ní ìdí tí àwọn fi dá a sílẹ̀ ni láti ran àwọn akẹ́kọ̀ọ́ tí kò ní olùrànlọ́wọ́ lọ́wọ́.

Láti oṣù karùn-ún 2024, owó àyálò ìjọba àpapọ̀ fún akẹ́kọ̀ọ́, NELFUND, ti wà. Ó ń san owó iléèwé tààrà fún yunifásítì tàbí pólì, kò sí èlé, kò sì béèrè ẹni tí yóò dúró fún ọmọ. Nọ́ńbà JAMB, NIN àti BVN ló ń béèrè. Ilé ẹ̀kọ́ ìjọba nìkan ló wà fún, nítorí náà òrukàn láti Ara tó bá wọ Pólì Ẹdẹ lè gbà á, ẹni tó wọ Adeleke tàbí Redeemer's kò lè gbà á. Ọdún méjì lẹ́yìn tó bá sin ilẹ̀ bàbá rẹ̀, bó bá ti ríṣẹ́, wọ́n á bẹ̀rẹ̀ sí í yọ ìdá mẹ́wàá nínú ọgọ́rùn-ún owó oṣù rẹ̀.