Ṣílè Márùn-ún Inú Àpò Àgbà

Bí ìdílé kan bá fẹ́ mú òbí wọn wá sí ilé ìtọ́jú àgbàlagbà tí mo ti ń ṣiṣẹ́ ní Lọ́ńdọ̀nù, iye tí wọn yóò máa san ni wọ́n kọ́kọ́ ń bi wá. Èmi náà á bi wọ́n léèrè pé èló ni yóò máa kù sọ́wọ́ àgbà fúnra rẹ̀. Ìbéèrè yẹn ti pẹ́ nílẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì.

Láyé àtijọ́, ilé aláìní tí wọ́n ń pè ní workhouse ni àgbà tí kò lólùrànlọ́wọ́ ń kángun sí. Òfin ọdún 1834 mọ̀ọ́mọ̀ mú kí ibẹ̀ nira, kí ẹni tó bá ṣì lágbára má bàa yà síbẹ̀. Bí tọkọtaya bá wọlé, wọ́n sábà máa ń yà wọ́n ni, aṣọ ilé náà ni wọ́n ó sì máa wọ̀. Lọ́dún 1909 ni ìjọba bẹ̀rẹ̀ sí í san owó ìfẹ̀yìntì fún aláìní tó bá ti pé ẹni 70 ọdún: ṣílè márùn-ún lọ́sẹ̀, ní ilé ìfìwéránṣẹ́.

Aneurin Bevan, mínísítà ètò ìlera, ló fẹ́ fòpin sí ìyà ilé aláìní. Òfin tuntun bẹ̀rẹ̀ ní ọjọ́ karùn-ún oṣù keje ọdún 1948. Bevan fẹ́ kí àgbà máa gbé bí ẹni tó wọ̀ sí hòtẹ́ẹ̀lì, tó ń san owó yàrá rẹ̀. Owó ìfẹ̀yìntì nígbà náà jẹ́ ṣílè 26 lọ́sẹ̀; kánsù á gba 21, márùn-ún á kù fún onítọ̀hún. Iye tí wọ́n ní kí arúgbó fi jẹun lọ́dún 1909 ti wá di owó àpò. Ọjà ti wọ́n sí i lóòótọ́, ṣùgbọ́n mo fẹ́ràn ìṣirò yẹn gidigidi, nítorí ó ka àgbà sí ẹni tó lè fúnra rẹ̀ ra nǹkan. Ilé tuntun kò tètè tó, nítorí náà inú àwọn ilé aláìní àtijọ́ náà ni ọ̀pọ̀ ṣì wà nígbà tí Peter Townsend tẹ ìwé The Last Refuge jáde lọ́dún 1962.

Ní oṣù kẹrin ọdún 2025, iye tó ń kù lọ́wọ́ ẹni tí kánsù ń bá sanwó ní England di £30.65 lọ́sẹ̀. Ẹni tó bá ní ju £23,250 lọ ló ń dá gbogbo owó náà san, ààlà yẹn kò sì tíì yẹ̀ láti ọdún 2010. Ìyá kan wà lọ́dọ̀ wa tó ń fi tirẹ̀ ṣe irun, tó sì ń fi £5 sínú káàdì ọjọ́ ìbí ọmọ-ọmọ rẹ̀. Kì í jẹ́ kí n bá òun lẹ àpòòwé náà.

Ibi tí ìṣirò ti ń já àwọn ìdílé kulẹ̀ ni oṣù. Ọ̀sẹ̀ la fi ń ṣírò owó wa. Bó bá jẹ́ £1,000 lọ́sẹ̀, wọ́n á sọ ọ́ di ìlọ́po mẹ́rin, wọ́n á ní £4,000 ni. Ọ̀sẹ̀ 52 tí a pín sí oṣù 12 ń fúnni ní £4,333. Ìdílé kan tí owó kù díẹ̀ káàtó fún lọ́nà yìí ní kí a kọ́kọ́ gé owó irun ìyá wọn. Mo ní kí wọ́n wá ibòmíràn gé.