Amóníà Nínú Ilé-Iṣẹ́ Yìnyín: Ohun Tó Yẹ Ká Mọ̀ Ká Tó Kó Ọjà Wa Síbẹ̀

Láti Agbaja, lórí òkè lẹ́bàá Lọ́kọ́ja, la ti ń kọ èyí. Àwa oníṣòwò ibí máa ń sọ̀ kalẹ̀ lọ ra yìnyín àti ẹja dídì. Lọ́jọ́ kan, bá a ṣe ń dúró de yìnyín, òórùn kan ta wá nímú bí ìtọ̀ tó ti pẹ́. Ojú ń ta wá, ikọ́ ń gbé wa. Ọmọ iṣẹ́ ibẹ̀ ní ká má ṣèyọnu, pé gáàsì lásán ni. Amóníà ni, kì í sì í ṣe gáàsì lásán.

Iṣẹ́ tó ń ṣe

Fíríìjì ilé àti kóòdùrúùmù kékeré inú ọjà sábà máa ń lo gáàsì irú Freon, tí kì í fi bẹ́ẹ̀ rùn. Àmọ́ ọ̀pọ̀ ilé-iṣẹ́ yìnyín ńlá àti ilé ìkẹ́rùpamọ́ ńlá ló ń lo amóníà, torí ó ń fa ooru dáadáa, kò sì wọ́n. Páìpù irin ni wọ́n ń lò fún un, nítorí ó máa ń jẹ bàbà àti idẹ.

Ewu tó wà níbẹ̀

Amóníà fẹ́ràn omi. Ojú, ọ̀nà ọ̀fun àti ẹ̀dọ̀fóró wa ló sì lómi, ibẹ̀ ló ń sá lọ, tó ń bó o. Bí ó bá pọ̀ nínú yàrá tí atẹ́gùn kò sí, tó tó ìdá 15 sí 28 nínú 100, iná lè gbá a.

Ní Dakar, lórílẹ̀-èdè Senegal, ní March 24, 1992, táńkì amóníà bẹ́ ní ilé-iṣẹ́ òróró ẹ̀pà SONACOS. Èèyàn 129 ló kú, ó sì lé ní 1,100 tó fara pa. Wọn ò lò ó fún yìnyín níbẹ̀, ṣùgbọ́n amóníà kan náà ni.

Ti Amẹ́ríkà sún mọ́ wa jù. Ní August 23, 2010, ní ilé ìkẹ́rùpamọ́ Millard ní Theodore, ìpínlẹ̀ Alabama, iná mànàmáná ti kọ́kọ́ lọ fún ohun tó lé ní wákàtí méje. Nígbà tí wọ́n tún ẹ̀rọ tàn, gáàsì gbígbóná pàdé amóníà tútù nínú páìpù, páìpù orí òrùlé bẹ́. Ó lé ní 150 èèyàn tó fara gbá, wọ́n sì dá 32 dúró sí ọsíbítù. Àwa tí iná ń lọ tó ń bọ̀ lójoojúmọ́ ńkọ́?

Ohun tó yẹ ká ṣe

1. Ká tó kó ẹrù síbẹ̀, ká béèrè: gáàsì wo lẹ̀ ń lò? Ta ló mọ bí a ṣe ń tì í pa? Ọ̀nà àbájáde mélòó ló wà?
2. Ká má ṣe jẹ́ kí ọmọdé tàbí alábàárù sùn sí ẹ̀gbẹ́ yàrá ẹ̀rọ.
3. Bí òórùn bá ta, ká wo ibi tí atẹ́gùn ń fẹ́ sí. Ká gba ẹ̀gbẹ́ bọ́ síbi tí atẹ́gùn ti ń wá, ká má ṣe sáré tẹ̀ lé èéfín náà.
4. Bí ó bá kan ojú tàbí ara, ká bọ́ aṣọ tó kàn, ká da omi mímọ́ sí i fún ìṣẹ́jú 15 ó kéré tán, lẹ́yìn náà ó di ọsíbítù.
5. Ká má ṣe da omi sórí amóníà tó dà sílẹ̀. Ńṣe ni yóò túbọ̀ hó.
6. Ká má padà wọlé torí ẹrù. Ká pe 112.

Ẹja tó bàjẹ́, a ó tún ra òmíràn. Ẹni tó bá lọ kò ṣeé rà. Ẹ ka èyí sétí ìgbọ́ àwọn ará nípàdé tó ń bọ̀ o.