Ìtàn Ìṣọ́ra Lórí Ìbọn Ìléwọ́

Àwọn àgbà bọ̀, wọ́n ní: "Ìbọn ní apátí, kò ní apátí, ta ni yóò jẹ́ kí a dojú rẹ̀ kọ òun?" Ìtàn ìbọn ìléwọ́ ní ilẹ̀ Amẹ́ríkà fi ìdí òwe yìí múlẹ̀.

Ní ọdún 1873 ni ilé-iṣẹ́ Colt gbé ìbọn ìléwọ́ kan jáde fún àwọn ọmọ ogun. Ihò mẹ́fà ni ó ní fún ọta. Òòlù kékeré kan wà lẹ́yìn rẹ̀; bí a bá fa apátí, òòlù náà a lu ìdí ọta, ìbọn a sì dún. Bí ihò mẹ́fẹ̀ẹ̀fà bá kún, ìdí ọta ni òòlù ń sinmi lé. Nítorí náà, bí ìbọn bá ṣubú tí òòlù sì gba nǹkan, ó lè dún láìsí ẹni tí ó fa apátí.

Ohun tí ó ṣẹlẹ̀ sí Wyatt Earp nìyí. Ọlọ́pàá ni ní ìlú Wichita, ní Kansas. Ní alẹ́ ọjọ́ 9 oṣù kìíní, ọdún 1876, ó jókòó ní ilé ọtí kan, ìbọn rẹ̀ yọ́ bọ́ kúrò nínú àpò awọ, òòlù rẹ̀ sì gba àga. Ọta la ẹ̀wù rẹ̀ kọjá, ó ba ògiri, ó sì gba àjà jáde. Kò sí ẹni tí ó kú.

Láti inú irú ewu bẹ́ẹ̀ ni àṣà kan ti jáde: ọta márùn-ún péré ni ọlọ́gbọ́n ń kì, kí òòlù lè sinmi lé ihò tí ó ṣófo.

Kì í ṣe gbogbo ènìyàn ni ó ní oríire bíi ti Earp. Ní ọdún 1944, ìbọn Smith & Wesson kan já lulẹ̀ lórí irin ọkọ̀ ogun ojú omi, ó sì pa atukọ̀ kan. Lẹ́yìn èyí ni ilé-iṣẹ́ náà tún ohun tí ń dí òòlù lọ́nà ṣe. Ní ọdún 1973, ilé-iṣẹ́ Ruger náà ṣe irú èyí tí òòlù rẹ̀ kò lè ta ọta àfi bí a bá fa apátí.

Bí ewu òòlù ti dínkù tó, ewu apátí kò tíì kúrò. Bí ìka, tàbí etí ẹ̀wù, bá há mọ́ apátí nígbà tí a ń ti ìbọn bọ àpò, ìbọn yóò dún. Ìdí nìyí tí àpò rere fi gbọ́dọ̀ le, kí ó bo apátí pátápátá, kí ó sì di ìbọn mú; tí ìka kò sì gbọdọ̀ sí nídìí apátí bí a ti ń fi í bọ̀ ọ́ pẹ̀lẹ́pẹ̀lẹ́.

Ìṣọ́ra ènìyàn ni ó ṣáájú ọgbọ́n ẹ̀rọ. Ẹ̀rọ kò sì tíì gba ipò rẹ̀.