Bí Ambedkar Ṣe Kọ Ẹ̀sìn Ìbí Rẹ̀ Sílẹ̀

Ní ìlú Yeola, ní ilẹ̀ Íńdíà, ní ọdún 1935, ni B. R. Ambedkar ti kéde pé inú ẹ̀sìn Híńdù ni a bí òun sí, ṣùgbọ́n òun kò ní kú sínú rẹ̀. Kì í ṣe ọ̀rọ̀ ìbínú ojú ẹsẹ̀. Agbẹjọ́rò ni, ọ̀mọ̀wé sì ni. Síbẹ̀ inú ìran tí a kà sí aláìmọ́ ni ó ti wá. Ní Mahad, ní 1927, ó ṣáájú àwọn ènìyàn rẹ̀ lọ bu omi mu nínú adágún ìlú tí a fi ń dù wọ́n. A sì lù wọ́n nítorí rẹ̀. Láti 1930 ni wọ́n tún ti ń dúró lẹ́nu ọ̀nà tẹ́ḿpìlì Kalaram ní Nashik. A kò ṣílẹ̀kùn.

Kò kánjú. Ó yẹ ẹ̀sìn Sikh wò, kò dúró síbẹ̀. Ọjọ́ 14, oṣù kẹwàá, ọdún 1956 ni ó tó gba ẹ̀sìn Búdà ní Nagpur, tí ọ̀kẹ́ àìmọye ènìyàn sì bá a jẹ́ ẹ̀jẹ́ 22. Kíkọ ẹ̀sìn Híńdù sílẹ̀ wà nínú wọn. Kò pé oṣù méjì lẹ́yìn náà tí ó fi kú.

Orí àwọn tí ó tẹ̀ lé e ni ìyà rẹ̀ já lé. Ẹlẹ́sìn Híńdù àti Sikh nìkan ni òfin ìjọba àpapọ̀ ìgbà náà fún ní àyè iṣẹ́ tí a yà sọ́tọ̀ fún irú ìran bẹ́ẹ̀. Ẹni tí ó di ẹlẹ́sìn Búdà pàdánù rẹ̀, bẹ́ẹ̀ ni aládùúgbò rẹ̀ kò tíì yé kà á sí aláìmọ́. Ọdún 1990 ni a tó dá ẹ̀tọ́ náà padà fún wọn.